Bí ẹ ṣe máa sọ ìwé kóòtù Ìlọrin di ohun tí òkè òkun á gbà

Ẹ̀dà ìdájọ́, ìwé ìkọ̀sílẹ̀, áfídéfíìtì (ìwé ìbúra), ìwé àṣẹ lórí ogún, àṣẹ ìgbàtọ́mọ: gbogbo wọn ló lágbára ní Kwara láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tún ṣe nǹkan kan sí wọn. Àmọ́ tó bá di pé kí akọ̀wé ìgbéyàwó kan ní Ítálì tàbí báǹkì kan ní Lọ́ńdọ̀nù gbà á, ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹni tó wà lọ́hùn-ún kò mọ rẹ́jísítírà Ìlọrin, ìyẹn ọ̀gá akọ̀wé kóòtù, kò mọ òǹtẹ̀ rẹ̀, kò sì lè fi ojú lásán dá a yàtọ̀ sí ayédèrú. Ó máa fẹ́ onígbọ̀wọ́. Rẹ́jísítírà ló ń ṣe onígbọ̀wọ́ pé ẹ̀dà náà bá ojúlówó mu, iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ní Àbújá ń ṣe onígbọ̀wọ́ fún ọwọ́ rẹ́jísítírà, ẹ́ńbásì sì ń ṣe onígbọ̀wọ́ fún ọwọ́ Àbújá. Àwọn méjì tó kẹ́yìn yìí kì í ka ẹjọ́ yín rárá. Ìbuwọ́lùwé àti òǹtẹ̀ ni wọ́n ń wò.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún àwọn tó bá wá sí ọ́fíìsì lọ́yà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ pé Ìlọrin ni iṣẹ́ wà, kì í ṣe Àbújá. Ìwé tó bá fi Ìlọrin sílẹ̀ pẹ̀lú àléébù, kò sí òǹtẹ̀ tó máa bo àléébù náà níwájú.

Ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó fẹ́ gbà á

Abéèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀nà lẹ gbọ́dọ̀ bi. Kì í ṣe ẹ̀gbọ́n yín tó wà ní Toronto, kì í sì í ṣe ẹni tó ń bá èèyàn ṣe físà ní Táńkẹ̀. Ọ́fíìsì tó máa gba ìwé náà gan-an ni, ì báà jẹ́ báǹkì, kóòtù, iléeṣẹ́ ìgbélùú, tàbí ibi tí wọ́n ti fẹ́ forúkọ ìgbéyàwó sílẹ̀. Ẹ kọ íméèlì sí wọn kí èsì wọn lè wà lákọsílẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé ìwé wo gan-an ni wọ́n ń fẹ́. Ṣé ẹ̀dà tí kóòtù jẹ́rìí sí, èyí tí gbogbo wa ń pè ní CTC, ti tó, àbí Àbújá àti ẹ́ńbásì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ṣé wọ́n fẹ́ ìtumọ̀ sí èdè wọn, ta ló sì gbọ́dọ̀ túmọ̀ rẹ̀. Àti oṣù mélòó ni CTC náà kò gbọ́dọ̀ jù lọ. Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé. CTC kì í bà jẹ́ lábẹ́ òfin wa, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbà á lọ́hùn-ún lè sọ pé èyí tó ti ju oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́fà lọ ti pẹ́ jù.

Ìdáhùn wọn kì í dọ́gba. Fún ìwé ìgbélùú Amẹ́ríkà, CTC tó mọ́, tó ní òǹtẹ̀ kóòtù, ló sábà máa ń tó. Ítálì àti Dubai máa ń fẹ́ òǹtẹ̀ Àbújá, wọ́n á tún fẹ́ ti ẹ́ńbásì wọn lé e. Jámánì ní ọ̀nà tirẹ̀: ẹ́ńbásì wọn kì í fi òǹtẹ̀ lu ìwé Nàìjíríà mọ́. Ọ́fíìsì tó nílò ìwé náà ní Jámánì ló máa ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á sì rán lọ́yà wọn lọ wo fáìlì ní kóòtù. Ẹni tó bá ti ná owó ní Àbújá kó tó mọ èyí lè ti ná an dànù. Ohun tó ń gba èèyàn là lọ́dọ̀ àwọn ará Jámánì ni pé kí fáìlì wà ní kóòtù, kí ohun tó wà nínú rẹ̀ sì bá ìwé ọwọ́ yín mu láìku ẹyọ lẹ́tà kan.

Ẹ ó tún gbọ́ orúkọ kan, Apostille. Àdéhùn tí wọ́n ṣe ní Hague ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá ọdún 1961 ló dá a sílẹ̀: òǹtẹ̀ kan ṣoṣo láti orílẹ̀-èdè tí ìwé ti jáde, kò sí pé ẹ tún ń lọ ẹ́ńbásì. Àdéhùn yìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Saudi Arabia lọ́dún 2022, ní China lọ́dún 2023, ní Kánádà ní oṣù kìíní 2024. Nàìjíríà kò sí níbẹ̀. Nítorí náà kò sí ọ́fíìsì kankan nílẹ̀ yìí tó lè fi Apostille sí ìwé Ìlọrin, bó ti wù kí ẹni tó ń polówó rẹ̀ lórí WhatsApp fi ọkàn yín balẹ̀ tó. Bí fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ránṣẹ́ bá kọ Apostille, ẹ dá wọn lóhùn pé Nàìjíríà kò sí nínú àdéhùn náà, kí wọ́n sọ bóyá òǹtẹ̀ Àbújá àti ti ẹ́ńbásì wọn máa ṣe é. Inú kì í bí wọn sí irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀. Fọ́ọ̀mù kan náà ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí gbogbo ayé.

Kóòtù wo ló ni ìwé yín?

Ní Kwara, ìbéèrè yìí kì í ṣe kékeré. Inú Ilẹ̀ Àríwá àtijọ́ la ti jáde ní 1967, nítorí náà a ní Area Court (kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìbílẹ̀ àti ti Mùsùlùmí), Upper Area Court àti Sharia Court of Appeal lẹ́gbẹ̀ẹ́ Májísíréètì àti Ilé-ẹjọ́ Gíga. Ará Ìbàdàn tó bá ń gbà yín nímọ̀ràn lè má mọ ohun tí ẹ ń sọ.

Ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀ ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Yìgì tí àfáà so, tàbí ìgbéyàwó ìbílẹ̀ tí ìdílé ṣe, Area Court ló ń tú u. Ìgbéyàwó rẹ́jísítìrì, tàbí èyí tí wọ́n ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì tó ní àṣẹ ìjọba, Ilé-ẹjọ́ Gíga nìkan ló lágbára lórí rẹ̀. Àmọ́ ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe é nílé: wọ́n á so yìgì lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ wọ́n á lọ ṣe rẹ́jísítìrì nítorí físà. Nígbà tí àárín wọn bá dàrú, Area Court ni wọ́n ń lọ, torí ó yá, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Yìgì nìkan ni kóòtù yẹn tú. Ìgbéyàwó rẹ́jísítìrì ṣì dúró gbọn-in, ẹni tó bá sì gbé ìwé Area Court yẹn lọ́wọ́ lọ fẹ́ ẹlòmíràn ní Manchester ti ń fa ọ̀ràn sí ara rẹ̀ lọ́rùn. Kò sí iye òǹtẹ̀ tó lè tún èyí ṣe. Lọ́yà lẹ máa kọ́kọ́ rí, kí ẹ gba ìkọ̀sílẹ̀ ní Ilé-ẹjọ́ Gíga.

Ìwé tí àfáà tàbí olórí ẹbí kọ pé "wọ́n ti kọ ara wọn" kì í ṣe ìwé kóòtù. Tó bá jẹ́ pé ilé lẹ ti parí rẹ̀ níṣojú àgbà, ẹ lọ sí Area Court kí wọ́n gbọ́ ọ, kí wọ́n sì fi òǹtẹ̀ ìdájọ́ lé ìkọ̀sílẹ̀ náà. Àwọn kóòtù wa ń ṣe é lójoojúmọ́, kì í sì í le tí ẹnì kejì kò bá jiyàn.

Ti Ilé-ẹjọ́ Gíga náà ní ibi tó ti ń tan èèyàn. Ìwé tí adájọ́ kọ́kọ́ fún yín ni Decree Nisi, ìkọ̀sílẹ̀ tí kò tíì parí. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ló máa ń di Decree Absolute, èyí tó parí pátápátá. Bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 bá wà, adájọ́ gbọ́dọ̀ ti ní ìtẹ́lọ́rùn lórí ìtọ́jú ọmọ náà kó tó lè rí bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, òfin ló ń yí i padà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé tó ń jẹ́rìí sí i kì í wá bá yín nílé. Ẹ̀yin lẹ máa lọ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ́jísítírà. Decree Absolute ni òkè òkun ń fẹ́. Ẹni tó bá gbé Nisi dé ẹ́ńbásì, wọ́n á dá a padà. Àwọn ilẹ̀ kan tún máa ń béèrè ẹ̀rí pé kò sí ẹni tó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ẹ béèrè fún un lọ́jọ́ kan náà kí ẹ má baà tún padà wá.

Ibi tí fáìlì wà lẹ ti ń gba CTC. Ẹjọ́ tí wọ́n dá ní Ilé-ẹjọ́ Gíga Òmù-Àrán, Òmù-Àrán lẹ ti máa gbà á. Ti Ọ̀fà, Ọ̀fà ni. Ẹ má wọ mọ́tò wá sí Ìlọrin kí wọ́n tó ní kí ẹ padà. Bó bá sì jẹ́ ẹjọ́ àtijọ́ ti Kábbà tàbí Ọ̀kẹ́nẹ́, ẹ rántí pé Kwara ni wọ́n kó tó di 1991 tí wọ́n dá Kogi sílẹ̀. Ìwé ọwọ́ yín lè máa pe Kwara kí fáìlì rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ Kogi.

Ní rẹ́jísítìrì kóòtù

Ẹ kọ lẹ́tà sí rẹ́jísítírà. Orúkọ àwọn tó ń ṣẹjọ́, nọ́ńbà ẹjọ́, ọjọ́ ìdájọ́, orúkọ adájọ́, iye ẹ̀dà tí ẹ fẹ́, àti ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe. Nọ́ńbà ẹjọ́ Ilé-ẹjọ́ Gíga Kwara máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú KWS. Ẹ wò ó lórí ìwé ìpẹ̀jọ́ tàbí ìdájọ́ àtijọ́. Ẹni tí kò ní nọ́ńbà ẹjọ́, ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ orúkọ ẹjọ́ sí ni akọ̀wé máa ṣí lójú ewé-ewé, ọdún lé ọdún. Ẹ ṣe sùúrù, kí ẹ sì ran án lọ́wọ́: ọdún wo, oṣù wo, lọ́yà wo ló ṣojú yín. Bí ẹni tó ni ìwé bá wà lókè òkun, kó kọ lẹ́tà àṣẹ tó dárúkọ ẹni tó rán, kó fi ẹ̀dà pásípọ́ọ̀tù tì í.

Ìdájọ́ Area Court míràn ṣì wà nínú ìwé tí wọ́n fi ọwọ́ kọ. Wọ́n máa ní láti tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó jẹ́rìí sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èyí tí wọ́n tẹ̀ kí òǹtẹ̀ tó dé orí rẹ̀. Ọjọ́ tó ṣì, orúkọ tó fò, nígbà yẹn ni àtúnṣe rẹ̀ rọrùn.

Owó CTC, ibi ìsanwó ìjọba ni kí ẹ ti san án, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Èyí kì í ṣe ìwà jẹ́jẹ́ lásán. Evidence Act ti 2011, abala 104, ló sọ bí CTC ṣe gbọ́dọ̀ rí, ó sì fi owó kún un. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sì sọ nínú ẹjọ́ Tabik ní 2011 pé sísan owó náà wà lára ohun tó ń sọ ẹ̀dà di CTC. Mo fẹ́ràn kí nọ́ńbà rìsíìtì àti iye owó wà lórí ìwé náà fúnra rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òǹtẹ̀.

Nígbà tí wọ́n bá gbé ìwé fún yín, ẹ má tíì kúrò lórí káńtà. Ẹ ṣí ojú ewé tó kẹ́yìn, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ wò. Ọ̀rọ̀ tó jẹ́rìí pé ẹ̀dà tòótọ́ ni gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ọjọ́ gbọ́dọ̀ wà. Ìbuwọ́lùwé gbọ́dọ̀ wà, orúkọ ẹni tó buwọ́ lù ú náà gbọ́dọ̀ wà ní lẹ́tà tó ṣeé kà, àti ipò rẹ̀. Èdìdì kóòtù gbọ́dọ̀ hàn. Ibi orúkọ yìí ni ọ̀pọ̀ ìwé ti ń kú: ẹ ó rí ìbuwọ́lùwé tó rí wíríwírí, òǹtẹ̀ tí yíǹkì rẹ̀ ti gbẹ bò ó lórí, kò sì sí orúkọ. Ní Ìlọrin gbogbo èèyàn mọ̀ pé ọwọ́ ọ̀gá nìyẹn. Ní Àbújá, ìwé ìbuwọ́lùwé tí wọ́n tọ́jú ni wọ́n á fi wé e. Tí wọn kò bá rí orúkọ tí wọ́n máa wá, wọ́n á dá a padà. Ẹ fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kọ orúkọ sí i. Kò sí akọ̀wé tó máa bínú tí ẹ bá sọ pé Àbújá ni ìwé náà ń lọ.

Ojú ewé kọ̀ọ̀kan ló yẹ kí òǹtẹ̀ wà. Kí wọ́n di gbogbo rẹ̀ pọ̀ níwájú yín, láti ìgbà náà lọ, ẹ má yọ píìnì yẹn fún ẹnikẹ́ni, títí kan ẹni tó ń ṣe fótókọ́pì. Píìnì tó ti jáde rí máa ń fi ihò méjì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti tuntun, ẹni tó bá sì rí i ní ẹ́ńbásì á rò pé ẹ pààrọ̀ ojú ewé kan. Ẹ má sì lámínétì rẹ̀! Òǹtẹ̀ Àbújá kì í mú lórí rọ́bà.

Fún CTC Area Court, ẹ bi rẹ́jísítírà wọn bóyá ìwé tó buwọ́ lù ti gba Àbújá kọjá rí. Tí kò bá dá a lójú, ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì Chief Registrar ní Ilé-ẹjọ́ Gíga kí wọ́n jẹ́rìí sí ọwọ́ rẹ̀. Ìrìn kékeré ni nínú ìgboro kan náà, ó sàn ju kí wọ́n dá yín padà láti Àbújá.

Orúkọ

Ìlọrin ni wá, orúkọ wa pọ̀. Ìdájọ́ á kọ Alhaji Ganiyu Lanre, pásípọ́ọ̀tù á kọ Abdulganiyu Olanrewaju, ìwé ìgbéyàwó á kọ Abdul-Ganiy. Lójú tiwa, ẹnì kan ni. Lójú akọ̀wé kan ní Milan, ẹni mẹ́ta ni. Ẹ tẹ́ gbogbo ìwé sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pásípọ́ọ̀tù, kí ẹ fi ìka tọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ń jẹ́ orúkọ méjèèjì, áfídéfíìtì pé ẹnì kan náà ló ni wọ́n lè ṣe é. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé kóòtù ló ṣi orúkọ yín kọ nínú ìdájọ́, áfídéfíìtì kì í tún ìdájọ́ ṣe; lọ́yà ló máa bẹ kóòtù kí wọ́n ṣàtúnṣe sí i. Alhaja, Alhaji, Olóyè, Pásítọ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n wọ inú ìwé tuntun kankan tí ẹ bá fẹ́ kó rìnrìn àjò.

Tó bá jẹ́ áfídéfíìtì

Áfídéfíìtì kò nílò CTC tí ojúlówó rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ yín. Ilé-ẹjọ́ Gíga ni kí ẹ ti búra, kì í ṣe lọ́dọ̀ ẹni tó gbé tábìlì sẹ́nu géètì. Ìbúra túmọ̀ sí pé ẹni tó ń búra dúró níwájú Commissioner for Oaths, òṣìṣẹ́ tó ń gba ìbúra, ó sì buwọ́ lù ú lójú rẹ̀. Èyí tí wọ́n buwọ́ lù nígbà tí ẹni tó ni ín wà ní Dublin, irọ́ ni látìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn ìyá wa wà níbẹ̀. Ìyá tó ti Ìgbájà tàbí Òrò wá búra pé òun bí ọmọ òun lọ́dún báyìí, tí kò sì ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì, ìtẹ̀ka nìkan kò tó. Ìsàlẹ̀ ìwé gbọ́dọ̀ sọ pé wọ́n kà á fún un, wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, ó sì yé e kó tó tẹ̀ka, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó túmọ̀. Akọ̀wé tó bá ń kánjú máa ń fo ìlà yìí. Ẹ má jẹ́ kó fò ó. Kí wọ́n sì kà á sí màmá létí lóòótọ́. Mo ti rí ìyá tó dá wọn dúró pé ọdún tí wọ́n kọ yẹn kọ́, òun ló sì jàre.

Nótárì ń kọ́? Òun náà ń jẹ́rìí sí ìbuwọ́lùwé àti ẹ̀dà, Adájọ́ Àgbà Nàìjíríà ló sì ń yàn wọ́n. Ó dára fún ìwé tí ẹ̀yin fúnra yín kọ, bí ìwé àṣẹ fún aṣojú. Ìdájọ́ kóòtù tí nótárì nìkan lu òǹtẹ̀ lé kì í di CTC.

Àbújá àti ẹ́ńbásì

Ibí yìí kò gùn. Tafawa Balewa House ni iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè wà, ẹ̀ka tó ń ṣe é ni wọ́n ń pè ní Authentication. Ẹ san owó wọn gba Remita, ọ̀nà ìsanwó ìjọba lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ gbé ojúlówó CTC, ẹ̀dà rẹ̀, ìwé ìdánimọ̀, àti lẹ́tà àṣẹ tó bá jẹ́ pé wọ́n rán yín. Ẹ̀yìn ìwé ni wọ́n sábà máa ń lu òǹtẹ̀ wọn sí, nítorí náà kí ẹ̀yìn ojú ewé tó kẹ́yìn ṣófo. Ẹni tí kò lè lọ lè rán ẹbí, ṣùgbọ́n kó jẹ́ ẹni tó máa ka orúkọ àti ọjọ́ lórí òǹtẹ̀ kó tó kúrò níbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ́ńbásì. Àwọn kan ń pín ìpínlẹ̀ láàárín Àbújá àti Èkó. Ẹ wò ó lórí wẹ́ẹ̀bù wọn ibi tí wọ́n to Kwara sí. Ẹ gba ọjọ́ ìpàdé sílẹ̀ ṣáájú, torí òun ló ń pẹ́ jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Bí wọ́n bá fẹ́ ìtumọ̀, ẹ bi wọ́n bóyá kí wọ́n túmọ̀ òǹtẹ̀ Àbújá náà. Bí bẹ́ẹ̀ bá ni, ẹ má túmọ̀ kó tó gba òǹtẹ̀.

Ti ogún

Ìwé àṣẹ lórí ogún yàtọ̀ díẹ̀. Pínpín ogún ní Area Court dára fún ilẹ̀ àti ilé tó wà ní Ìlọrin, ṣùgbọ́n báǹkì òkè òkun tí bàbá fi owó sí máa ń béèrè Letters of Administration, ìwé àṣẹ láti bójú tó ogún, láti ẹ̀ka Probate tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ogún ní Ilé-ẹjọ́ Gíga. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni owó wà, ọ̀nà kan wà tó rọrùn ju kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òdo: òfin wọn ti 1892, Colonial Probates Act, kan Nàìjíríà, kóòtù wọn sì lè fi èdìdì tiwọn lé ìwé Kwara, kó wá ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn bíi pé àwọn ló fún yín. Reseal ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀dà tó ní èdìdì Ilé-ẹjọ́ Gíga, tí kóòtù sì jẹ́rìí sí, ni wọ́n á béèrè.

Ọjọ́ tí ẹ bá ń gba CTC ní rẹ́jísítìrì, ẹ gba méjì tàbí mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì òkè òkun kì í dá èyí tí wọ́n gbà padà. Ẹ ya fọ́tò ojú ewé kọ̀ọ̀kan láìyọ píìnì, iwájú àti ẹ̀yìn, kí ẹ tó jọ̀wọ́ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, kí ẹ sì fi rìsíìtì kóòtù sínú fáìlì kan náà.